Kẹ̀kẹ́ Tó Gbó Kò Tíì Bàjẹ́

Bí ènìyàn bá gbé kẹ̀kẹ́ tuntun wọlé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, àdúrà tí àwọn ará ilé máa ń ṣe fún un kò pọ̀: “Ẹ̀mí á lò ó o. Wà á lò ó gbó.” Onítọ̀hún á ṣe àmín, á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ padà wá wo kẹ̀kẹ́ náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà: ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀rá lára ọ̀pá òkè, ọ̀rá lára fọ́ọ̀kì, ọ̀rá lórí ìjókòó tó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó sì ń gé ni nítan. A gbàdúrà kó gbó, a tún fi ọ̀rá bẹ̀ ẹ́ kó má gbó.

Ẹ mú abẹ, kí ẹ fi la ọ̀rá ọ̀pá ìsàlẹ̀ yẹn, níbi tó ti fẹ́ kan ìdí pẹ́dàlì. Ibẹ̀ ni omi máa ń sàn lọ dúró sí. Òjò wọlé láti òkè, kò rọ́nà jáde nísàlẹ̀. Oòrùn á sè é lọ́sàn-án, ìtútù òru á tún sọ ọ́ di omi. Nígbà tí ọ̀rá bá kúrò, ẹ ó rí i pé ọ̀dà ti lé ròrò bí ara tí omi gbígbóná bó. Ẹ fi èékánná tẹ ọ̀kan: á fọ́, ìyẹ̀fun pupa á sì dà jáde. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó bí i lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń ti ọ̀dà sókè láti abẹ́ kó tó yọjú síta. Kẹ̀kẹ́ oníbúrẹ́dì tó ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí, tí okùn ti bó lára, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí níbi mẹ́wàá, kì í sábà ní irú eéwo bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń kàn án. Àkísà tó ní ọ́ìlì ń kàn án.

Èdè wa ti ya ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́tọ̀ tipẹ́: gbó kì í ṣe bàjẹ́. Iṣu tó gbó ni a ń gún. Obì tó gbó ni a ń gbé síwájú àlejò. Àgbàlagbà gbó, a sì ń bẹ Ọlọ́run kí àwa náà gbó bẹ́ẹ̀. Ti kẹ̀kẹ́ nìkan ni a ti wá ń pe méjèèjì ní nǹkan kan náà, tí ẹlòmíràn á fi máa nu ojú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí ṣéènì sì gbẹ bí ẹja kíká, tí ẹlòmíràn á sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹrà, kó ní kẹ̀kẹ́ àgbà ni. Èrò tèmi rèé: ojú kẹ̀kẹ́ lè gbó bó ṣe wù ú, oríkèé rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kéèyàn mọ èyí tó jẹ́ ojú àti èyí tó jẹ́ oríkèé, nítorí láti òkèèrè, wọ́n jọra.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ ń bà. Apá bíréèkì tí ìka méjì ń fà lójoojúmọ́ máa ń pàdánù kúróòmù rẹ̀ ní ibi tí ìka méjèèjì bá a gan-an, kò ní í kọjá ibẹ̀. Abẹ́ kúróòmù ni níkẹ́lì wà, ó máa ń pọ́n díẹ̀ lójú bí omi tíì. Abẹ́ níkẹ́lì ni irin fúnra rẹ̀. Aago tí wọ́n fi idẹ ṣe á yọ idẹ sójú ní ibi tí àtàńpàkò ń kọjá. Ọ̀pá òkè á dán níbi tí ṣòkòtò ń ha á. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: kò sí ilé iṣẹ́ tó lè ta irú dídán bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì léwu rárá níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ ò bá kúrò níbẹ̀, torí ọwọ́ tó ń ha irin kì í jẹ́ kí ìpẹtà jókòó. Àmọ́ òógùn ní iyọ̀. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kan náà tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àsìkò òjò, ibi tó ń dán jù yẹn ni yóò kọ́kọ́ pọ́n, nígbà mìíràn pẹ̀lú ojú ìka gan-an tí a lè kà. Kí ẹni tó bá ń rìnrìn àjò fi àkísà tí a rẹ sínú ọ́ìlì díẹ̀ nu ibẹ̀ kó tó lọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ìjókòó aláwọ, irú èyí tí Brooks ti Birmingham ń ṣe láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni mo fẹ́ràn jù láti wò. Bó bá dé, ó le bí pákó. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún mélòó kan kìlómítà, ihò méjì pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ á yọ níbi tí egungun ìdí méjèèjì ń jókòó lé, kì í sì í bára dọ́gba, nítorí kò sẹ́ni tó jókòó gún régé. Ẹni tó bá yá yín ní kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ ló yá yín. Òróró ni àṣìṣe tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi òróró ìdáná tàbí àdí rẹ awọ kó lè tètè rọ̀. Á rọ̀ lóòótọ́, á sì wọ́ sílẹ̀ bí ibùsùn okùn tó ti tú. Òrí díẹ̀, ìwọ̀n tó lè bo èékánná àtàńpàkò, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lójú òkè nìkan, ó tó. Bí awọ bá rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nọ́ọ̀tì kan wà lábẹ́ imú ìjókòó: ẹ yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, kí ẹ gùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì jókòó lórí awọ tó tutù. Awọ tó bá gba ìrísí burúkú nígbà tó tutù kì í gbàgbé.

Ibi kárià ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ ti ń di ọ̀rọ̀. Okùn tí a fi ń di àpò gaàrì tàbí kẹ́ẹ̀gì mọ́ kárià máa ń rẹ́ ọ̀dà ọ̀pá ẹ̀yìn bí ayùn. Ìlà tó dán nìkan, ó gbó ni. Ṣùgbọ́n ẹ fa èékánná kọjá lórí ìlà náà: bí èékánná bá kọ́, okùn ti ń jẹ irin, ọ̀pá náà kò sì nípọn tó bí ẹ ṣe rò; lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju mìlímítà kan lọ. Ẹ sún okùn kúrò níbẹ̀. Ẹ lè fi rọ́bà túùbù àlòkù wé ibẹ̀, àmọ́ kí ẹ máa tú u lẹ́ẹ̀kan láàárín òjò àti ọyẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rá ilé iṣẹ́ ni a tún fi rọ́bà ṣe.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ ń gbé náà ń kọ̀wé sí i lára. Ní Àjàṣẹ́, ọ̀sà wà lẹ́nu ọ̀nà, òkun kò sì jìnnà. Afẹ́fẹ́ tó tutù tó sì ní iyọ̀ ló ń fa àmì pupa wínníwínní tí ẹ ń rí lórí rímù. Kúróòmù fúnra rẹ̀ kò dípẹtà: ó ní ihò tóóró tí ojú ò rí, irin abẹ́ rẹ̀ ló ń mí jáde. Ẹ ká fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, ẹ rì í bọ omi, kí ẹ fi ha á. Fọ́ìlì rọ̀ ju kúróòmù lọ, kò ní í ya á. Kí ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ ra á, torí àwọn ihò náà ṣì wà. Sípóòkù ni kí ẹ fura sí ju rímù lọ, pàápàá ní ìdí họ́ọ̀bù (irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́) tí ẹrẹ̀ ń bò. Kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń ní 32 níwájú àti 40 lẹ́yìn. Ẹ ta wọ́n bí ẹni ta okùn gòjé: èyí tí kò dún ti tú tàbí ó fẹ́ já, ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí fíríwíìlì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí) wà, ló sì máa ń kọ́kọ́ já.

Ní Kétu, eruku yangí ni. Nígbà ọyẹ́, á pọ́n ọ̀dà bí ẹni fi osùn pa á, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, àkísà á nu ún. Èyí tó bá wọ inú ọ́ìlì ṣéènì ló ń pani: ọ́ìlì àti yangí pọ̀, ó di ohun èlò tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Nítorí náà, bí eruku bá ṣe pọ̀ tó ni ọ́ìlì ṣe gbọdọ̀ dín tó. Ṣábẹ ní tirẹ̀, àpáta àti oòrùn. Táyà á gé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀dà pupa á di bí òdòdó tó rọ. Ọ̀dà tó ṣá kò pa kẹ̀kẹ́ kankan rí. Táyà tó gé dé okùn inú ti kú, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àgbà bò ó.

Ní ti ṣéènì, mi ò ní àánú kankan fún gbígbó rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n kì í fà gùn bí àwọn kan ṣe ń sọ. Píìnì àti ihò tó ń yí nínú rẹ̀ ló ń jẹ ara wọn, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí gbogbo rẹ̀ á fi gùn. Rúlà ọmọ iléèwé tó jẹ́ 30 cm tó láti wọ̀n ọ́n. Ẹ tẹ pẹ́dàlì kí ṣéènì le, kí ẹ fi òfo rúlà sí àárín píìnì kan, kí ẹ ka píìnì dé ìkọkànlélógún. Ti tuntun á jẹ́ 254 mm gééré. Bó bá ti lé ní 255, ẹ fi ojú sí i. Bó bá dé 256 àbọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wo eyín fíríwíìlì: bí wọ́n bá ti tẹ̀ síwájú bí ìwọ̀ ẹja, ṣéènì tuntun á máa fò lórí wọn, ẹ ó ní ọlọ́jà ló ta ayédèrú fún yín.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì tó dára kan án. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkaníìkì zémidjan (ọ̀kadà) ń dà nù, tí wọ́n ń fi ta ènìyàn lọ́rẹ, ti kún fún irin lẹ́búlẹ́bú àti ásíìdì. Ẹ dá a padà fún un. Epo pupa dára lójú Ògún, lórí ṣéènì ó máa ń di, á gan, á sì kó gbogbo iyẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà Pobè mọ́ra. Ẹ fi epo òyìnbó àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àlòkù fọ ṣéènì. Kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́, náà á fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbiná láti òkèèrè, ẹ má lò ó nítòsí àdògán. Kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a kò tíì lò, tàbí ti ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà ọyẹ́, ẹ̀kán kan lórí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ lásán máa ń ní oríkèé bí 112, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ. Ẹ yí pẹ́dàlì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo ohun tó wà níta kúrò. Inú ló nílò ọ́ìlì, ìta kò nílò ju òjìji rẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè bèèrè pé ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́, ṣebí ó ń jẹ ìpẹtà? Ó ń jẹ ẹ́. Fún nọ́ọ̀tì, fún kárià, ó dára: wákàtí kan nínú omi ọsàn, kí ẹ fi omi ọṣẹ ṣàn án, kí ẹ gbẹ ẹ́ kíákíá. Ẹ má rẹ ṣéènì tàbí sípíríǹgì sínú rẹ̀ mọ́jú. Irin tí wọ́n ti mú le nínú iná máa ń di ẹlẹgẹ́ bí ásíìdì bá wọ̀ ọ́, á kán lọ́jọ́ tí a kò retí.

Inú họ́ọ̀bù ni ẹ ti máa rí gbígbó àti bíbàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, lórí irin tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Ẹ tú kóònù iwájú, irin tí bọ́ọ̀lù ń yí lé lórí. Bọ́ọ̀lù kéékèèké mẹ́wàá ló sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí fífẹ̀ wọn jẹ́ 3/16 ínǹṣì. Ẹ̀yìn á ní mẹ́sàn-án tó jẹ́ 1/4, ìdí pẹ́dàlì á ní mọ́kànlá irú 1/4 kan náà. Ẹ nu kóònù, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán bí dígí á yí i ká: ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù nìyẹn, ó dára, ẹ fi gírísì tuntun sí i kí ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ihò wẹ́wẹ́ lójú ìlà náà, bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná ti bá jà, kóònù ti kú, kò sí gírísì tó lè jí i. Bọ́ọ̀lù kò wọ́n. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn pa pọ̀. Tuntun méjì láàárín àlòkù mẹ́jọ, tuntun méjì náà ló máa ru gbogbo ẹrù, torí wọ́n fi ìwọ̀n irun tóbi ju àwọn yòókù lọ.

Kẹ̀kẹ́ tí apá pẹ́dàlì rẹ̀ ń dún “kọ̀, kọ̀” lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, kọ́tà rẹ̀, píìnì tó di apá náà mú, ló ti jẹ. Ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 9.5 mm. Kí ẹ tó fi òòlù lù ú jáde, ẹ fi irin onihò tàbí igi líle gbé apá náà láti abẹ́ débi tó fi kan ilẹ̀. Ẹni tó bá lù ú lófìfo, àwọn bọ́ọ̀lù mọ́kànlá yẹn ló ń lù. Lẹ́yìn nǹkan bí 30 km, ẹ tún un mú kó le.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa ará Benin ju àwọn ará Èkó lọ. Kẹ̀kẹ́ Faransé àtijọ́ pọ̀ láàárín wa, kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé láti ìlà-oòrùn, ti Íńdíà àti ti Ṣáínà sì ń tẹ̀ lé ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì. Tíréèdì pẹ́dàlì Faransé, ibi tí a fi ń yí i wọlé, jẹ́ 14 mm, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 9/16 ínǹṣì, ìyẹn 14.3. Ìyàtọ̀ yẹn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ líle fi lè rò pé ìpẹtà ló ń dí òun. Á fi sípánà gígùn tì í, á wọlé, á sì gé tíréèdì apá náà jẹ. Oṣù méjì, pẹ́dàlì á yọ lójú ọ̀nà. Nínú ìdí pẹ́dàlì tún nìyẹn: ife ọ̀tún, irin tó gba bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì ń tú sí apá ọ̀tún, ti Faransé àtijọ́ sábà máa ń tú sí apá òsì. Àìmọye férémù (egungun kẹ̀kẹ́) Peugeot ti Faransé tó ti gbó dáadáa, tí kò ní àrùn kankan, ni yíyí i sódì ti sọ di pàǹtí irin. Táyà náà bẹ́ẹ̀: 650B ti Faransé jókòó lórí rímù 584 mm, 26 × 1⅜ ti Gẹ̀ẹ́sì lórí 590. Mìlímítà mẹ́fà péré, wọn kò sì lè wọ ara wọn láéláé.

Àmì kan ṣoṣo ló yẹ kó mú yín sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ fọ ẹ̀yìn ọrùn kẹ̀kẹ́, lábẹ́ ibi tí ọ̀pá òkè àti ọ̀pá ìsàlẹ̀ ti wọ̀ ọ́, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀dà tó ya gbọọrọ ní ìbú ọ̀pá, tí àtẹ́lẹwọ́ sì mọ̀ pé irin abẹ́ rẹ̀ wú bí ìgbì, kẹ̀kẹ́ náà ti fi orí sọ nǹkan rí. Ìlà pupa tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó ń padà lẹ́yìn gbogbo nínù, kì í ṣe ìpẹtà ojú: irin ló ya, omi ń wọ inú rẹ̀. Welidà á ní òun á lẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ kárià, kó lẹ̀ ẹ́. Ọrùn kọ́.

Àmì yìí gan-an ni ọ̀dà tuntun ń bò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fura sí kẹ̀kẹ́ àlòkù tó bá ń tàn yòò ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà rédíò tó bàjẹ́, kí ẹ fi tọ férémù: ibi tí kò bá ti fà, màsítíìkì tí wọ́n fi ń dí ihò ló wà níbẹ̀. Wọn a kun tíréèdì pọ̀ mọ́ ọn, wọn a kun nọ́ńbà abẹ́ ìjókòó, wọn a kun orúkọ iwájú ọrùn. Ẹni tó ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu lè bi mí pé ṣebí àwa náà ń tún nǹkan kùn, ṣebí igi kan náà ni wọ́n ń kun lákọ̀tun kó tó jáde. Òótọ́ ni. Àmọ́ orí igi kò ní bọ́ọ̀lù nínú. Fún kẹ̀kẹ́, ibi tó ṣí nìkan ni kí ẹ tọ́jú: sánpépà 400, omi ọṣẹ láti fọ ọ̀rá ọwọ́ kúrò, kó gbẹ, kí ẹ wá fi fáníìṣì tí kò ní àwọ̀ ra á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Àpá á ṣì hàn. Ìpẹtà ni kò ní í ráyè.

Ó ku kẹ̀kẹ́ tí a gbé kọ́ sí iyàrá nítorí kó má baà gbó. Kì í gbó, bíbàjẹ́ ló ń bàjẹ́ jẹ́jẹ́. Afẹ́fẹ́ táyà ń jáde fúnra rẹ̀, táyà á pelebe lórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣẹ́ po, á sán. Gírísì inú họ́ọ̀bù á gbẹ di bí ọṣẹ dúdú tó ti pẹ́. Tó bá pọn dandan láti fi pamọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ tó bí kílò mẹ́ta lójú gééjì lóṣooṣù, ẹ yí ẹsẹ̀ àti pẹ́dàlì fún ìgbà ogún, kí ẹ sì fi aṣọ bò ó, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ tún wá nǹkan fi lé adìẹ kúrò lára rẹ̀. Bí adìẹ bá fi lè sùn lórí ọ̀pá òkè lóru mẹ́ta, ohun tó máa fi sílẹ̀ níbẹ̀ á jẹ ọ̀dà ju òjò oṣù kan lọ.